Ariwo Fréjus Nínú Àwo Orin Wa

                                        Ẹ̀bá Ilé Ẹ̀kọ́ Adido,
                                        Ṣábẹ̀ẹ́.
                                        14 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Rissikatou, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Tchaourou? Bàbá ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi ìyá yín sílẹ̀? Ara tiwa le níbí. Òjò ń rọ̀, iṣu tuntun sì ti jáde.

Àwo orin wa ti jáde, Rissi! Àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ṣe, èyí tí a gbà sílẹ̀ nínú àká òwú tó ṣófo ní Kaboua lọ́dún tó kọjá. O mọ bí a ṣe ń ṣe é: èmi á máa kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, Ulrich á máa lu ìlù, gìtá Fréjus á sì máa hó lé wa lórí bí òjò orí páànù. Àmọ́ lọ́jọ́ tí orin náà bọ́ sórí ìntánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí ẹni dì mọ́. Ulrich ti lọ ṣe tísà ní Natitingou. Fréjus ti wà ní Abidjan látìgbà ọyẹ́, kì í sì í gbé fóònù mi. Èmi nìkan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo gbé báfù kékeré mi tí mo fi ń gbọ́ orin, ó di ọ̀dọ̀ Màmá Suzanne, ìyá Fréjus, ní Ofè. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó. Orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Nǹkan rẹ yìí ti bàjẹ́ o."

Mo ní, "Rárá, Màmá. Ariwo yẹn gan-an, Fréjus ni."

Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn. "Ohùn rẹ dùn," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ṣé o ò lè dákẹ́ díẹ̀ kí n gbọ́ ọmọ mi?"

Ẹ̀rín pa mí, kò sì pẹ́ tí omi fi dé ojú mi. Mo wá ibi tí ohùn mi ò sí nínú orin náà fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n pe Fréjus lórí fóònù tiwọn. Ó gbé e!

"Mo ti gbọ́ ariwo rẹ," ni Màmá wí. "Ó dára."

Wọ́n na fóònù sí mi. Mo sọ fún un pé àwọn kan ní Parakou fẹ́ ká wá ṣeré ní oṣù Kọkànlá, pé kó máa bọ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Clémentine, mo ti ta gìtá yẹn. Má dúró dè mí."

Màmá bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo ti dá àwọn ará Parakou lóhùn pé mò ń bọ̀, èmi nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí. Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì jọ̀wọ́ wá jókòó níwájú lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kù á rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Ìwọ nìkan ni wàá mọ ibi tó yẹ kí ariwo wà.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Clémentine