Ọmọ Tí Wọ́n Ń Bomi Rin ní Òkè-Àfá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ máa ń mi irúgbìn sétí kí ẹ tó gbìn ín,

Ẹ gbà mí o. Ọ̀rọ̀ yìí ju agbára mi lọ, mi ò sì rí àgbà tí mo lè kó o tọ̀ ní gbogbo Ìsọlọ̀. Owó epo rọ̀bì ti gba gbogbo èèyàn lọ́kàn; ilé ni kálukú ń kọ́, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń bá sùn, òun ni wọ́n ń bá jí.

Lẹ́yìn ikú yín ni mo dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ nínú ilé tí mo háyà. Ìwé alááwòrán tí àwọn tíṣà ńlá ń lò wọ́n bí ojú. Mo ṣírò ó, mo rí i pé ẹ̀wà ò wọ́n, ilẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé. Ni mo bá fi oko kọ́ àwọn ọmọ. A gbin ẹ̀wà, a ń bomi rin ín láràárọ̀, a sì ń fi síbí hú ẹyọ kan wò kí wọ́n lè rí bó ṣe ń ta gbòǹgbò. A rí kòkòrò ajẹwé lórí igi ọsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Ó jẹun, ó sanra, ó wá fi èèpo bo ara rẹ̀, kò mira mọ́. Àwọn ọmọ ní ó ti kú. Mo ní, “Kò kú o, ó ń múra ni.” Nígbà tó di labalábá tó jáde, ẹ ò rí ariwo! Mo rántí yín lọ́jọ́ náà, bí ẹ ṣe máa ń fi irú èèpo bẹ́ẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lóko, tí ẹ ó ní kí n bi í pé ọ̀nà Ìsẹ́yìn dà, tí yóò sì yí ìdí síbì kan. Ṣé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín?

Bàbá, ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń jẹ́ Síkírá. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Àbúrò rẹ̀ jòjòló kú lóṣù tó kọjá, ibà ló pa á. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n sin ín sí igun ilẹ̀ tí bàbá wọn ń kọ́lé sí ní Òkè-Àfá. Síkírá rí gbogbo rẹ̀, kò sunkún. Ńṣe ló ní kí wọ́n dákẹ́, pé Màmá jẹ́lé-ó-sinmi ti sọ fún òun: kò kú o, ó ń múra ni.

Láti ìgbà náà ló ti ń bomi rin sàréè. Mo rò pé yóò sú u. Àfi bí bàbá rẹ̀ ṣe wọlé tọ̀ mí wá lánàá, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ọmọdé.

“Màmá, ẹ gbà mí. Wọ́n ti di méjì báyìí.”

“Ta ni ìkejì?”

“Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, òun ló ń ru omi. Láàárọ̀ yìí, síbí ni mo bá lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ọmọdé lè ṣèèṣì, abiyamọ ńkọ́? Mo tẹ̀lé e lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti tutù rinrin. Síkírá sáré dì mọ́ mi.

“Màmá, ó kù díẹ̀! Ẹ má pariwo.”

Ìyá rẹ̀ ò wojú mi. Ó kàn rọra ní, “Mo mọ̀, Màmá. Mo mọ̀. Ẹ ṣáà má tíì sọ ọ́.”

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo sì sọ ọ́. Mo ní kòkòrò lọ́tọ̀, èèyàn lọ́tọ̀. Àbúrò rẹ̀ ò ní jáde mọ́. Ìyá rẹ̀ ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ké igbe tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ gbá a mú. Ṣùgbọ́n èmi ni Síkírá ń wò.

“Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní bàbá tèmi náà wà nínú ilẹ̀. Mo dúró títí, wọn ò jáde.

Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ nu ojú mi.

“Ẹ bomi rin wọ́n ṣá?”

Bàbá, èsì wo ni kí n fún un? Ṣé ẹ̀yin ní?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń retí yín.