Orin Tí Màmá Mi Ń Kọ Nídìí Máṣíìnì

Màmá mi,

Abẹ́rẹ́ yín kò ní ṣẹ́ o. Ara mi le koko, ẹ fọkàn balẹ̀.

Lánàá, obìnrin oníròyìn kan wá sí yàrá tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin. Ó ní, "Orin wo lẹ fẹ́ràn jù?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí kí n tó dáhùn. Ariwo fáànù ni, kò sí nǹkan míì. Mo ní ẹsẹ̀ ìyá mi lórí máṣíìnì ìránṣọ ló kọ́ mi ní ìlù, orin tí wọ́n sì ń kọ sí i ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni pé mo ṣi ohùn gbé. Mo fi ẹ̀rín bò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú lẹ́tà. Ẹ má pè mí, fóònù mi ò dáa. Iṣẹ́ ń lọ: ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi gbọ́ orin tí mo bá ṣe, èmi á gbé ọwọ́ lé sípíkà, mo máa ń mọ̀ bó ṣe ń dún. Dókítà ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, àyẹ̀wò lásán ni.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún àbúrò mi pé mo ti ra bàtà rẹ̀.

Èmi àkọ́bí yín.