Ta Ló Ń Fi Iná sí Olójú Kan?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ̀wàrà

Ìwé, má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé àwọn tí nǹkan gidi ṣẹlẹ̀ sí ló máa ń kọ ìrántí sílẹ̀. Èmi ta ni? Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ṣì ń ṣìnà lọ sí yàrá ìkàwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wúwo nínú mi, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ fún Màmá, á ní ilé onílé ni mo wà. Bí mo bá sọ fún Àǹtí — Àǹtí gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Kí n tò ó bó ṣe yẹ. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Hósítẹ̀lì ti kún kí n tó dé, òun ló gbà mí sílé. Yàrá tí ọkọ rẹ̀ fi ń tún rédíò ṣe ni mo ń sùn. Ọkọ náà ti gbé báàgì kan jáde kí n tó dé, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí. Lọ́jọ́ tí mo dé, Àǹtí ní, "Máa gbé ibẹ̀ ná, títí n ó fi rí ìdí tí o ò fi ní gbé ibẹ̀ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bó bá lé mi, ilé wa ni mò ń padà sí, ilé wa sì jìnnà. Ọdún yìí ti lọ nìyẹn.

Lónìí wọ́n gbé páálí ńlá kan wá. Ẹ̀rọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ajá ló wà nínú rẹ̀. Ó rí bíi garawa tó la ẹnu sókè. Ajá á sọ bọ́ọ̀lù sí i lẹ́nu, inú ẹ̀rọ á kùn, ihò iwájú á sì ta bọ́ọ̀lù jáde — pàá. Bọ́ọ̀lù oníná kan tún wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń yí kiri fúnra rẹ̀. Àǹtí ní àwọn tó ń ta oúnjẹ ajá ló fi ta òun lọ́rẹ.

Àǹtí tó ń gé ọṣẹ sí méjì kó tó fún mi. Ta ló ń ta irú Àǹtí lọ́rẹ?

Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Kòsinmi lorúkọ ajá. Orúkọ náà sì ro ó, kì í sinmi. Bí a kò bá lé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́, bàtà ló máa ń jẹ, tàbí kó máa sá yí tábìlì po títí omi á fi dànù. Èmi ni mo máa ń ju bọ́ọ̀lù fún un lọ́sàn-án. Apá a máa ro mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nínú ilé nìyẹn. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Àǹtí gbé e sí. Ó kẹ̀yìn sí kíṣìnnì, ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ látòkè délẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá mi sì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ojú kan ṣoṣo wà lókè ihò rẹ̀, dúdú, kì í ṣẹ́.

Mo ti sọ ọ́ ní Olójú Kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Àǹtí wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi wà nínú yàrá, mò ń bá ìṣirò jà. Kòsinmi sùn sẹ́nu ọ̀nà mi. Ṣàdédé ni Olójú Kan kùn, ó sì ju bọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni nílé.

Mo sọ fún Lọ́yà, ọmọ kíláàsì mi. (Kì í ṣe lọ́yà. Ó kàn ń bá olùkọ́ jiyàn lórí ohun gbogbo, títí kan aago.) Ó ní, "Ẹ̀rọ tó ní ojú, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹni tó ni ín ò sí nílé? Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni ajá yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ara fu mí títí mo fi dé ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Bọ́ọ̀lù oníná yí wọ yàrá mi, ó ń tan pupa, ó ń tan àwọ̀ ewé. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kòsinmi fi imú tẹ̀ lé e, Àǹtí sì tẹ̀ lé Kòsinmi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irin tí mo fi ń se omi wà níbẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé iná ń jẹ owó.

Ó kàn ní, "Hẹn." Hẹn wo nìyẹn? Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Àmì aláwọ̀ ewé tún ń tàn lára Olójú Kan ní àárọ̀ yìí. Ikùn rẹ̀ kún fún iná: ẹnì kan ti fi iná mànàmáná sí bátìrì rẹ̀. Àǹtí ní òun ò jẹ́ fọwọ́ kan ìranù. Èmi náà ò fọwọ́ kàn án. Àwa méjì péré ló ń gbé ilé yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Nígbà tí a ń jẹun, Àǹtí ní, "O tètè dé lánàá."

Òtítọ́ ni, olùkọ́ ò wá, ọ̀sán ni mo dé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú kí òun tó dé. Ta ló sọ fún un? Ṣé ajá ni? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Lọ́yà ní kí n má tan ara mi jẹ mọ́: Àǹtí ń wá ìdí láti lé mi, bó ṣe sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ṣe é. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ bo ojú Olójú Kan. Mo dọ́gbọ́n sí i kó lè dà bíi pé Kòsinmi ló gbé ìbọ̀sẹ̀ náà síbẹ̀.

Kòsinmi jókòó síwájú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, ó ń sunkún ajá. Mo ju bọ́ọ̀lù fún un fúnra mi. Ó wò mí, ó wo bọ́ọ̀lù, ó padà síbi ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àǹtí jó ìrẹsì. Àǹtí kì í jó nǹkan. Ó bi mí ṣé ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ ni, mo ní n kò mọ̀, ó sì ní, "Kí ló tiẹ̀ kàn mí níbẹ̀?" Kò tíì pẹ́ tó tún béèrè.

Ó dájú. Kò rí mi mọ́, inú sì ń bí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màmá pè. N kò sọ tán tó fi ní, "Ṣé ilé yẹn ni o fẹ́ jáde kúrò? Àlejò tó ń ṣọ́ onílé, ṣé òun ló ni ilé ni?" Mo yọ ìbọ̀sẹ̀ kúrò. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Ìwé, gba èyí mú dáadáa.

Mo dé láti kíláàsì lọ́sàn-án. Bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó káre. Ó káre, ọmọ mi. Gbé e wá." Mo ní olè ti wọlé. Ìgbálẹ̀ ni ọwọ́ mi bà. Mo yọjú. Kò sí ẹni kankan. Kòsinmi nìkan ló dúró, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrù rẹ̀ ń gbá ògiri. Láti inú Olójú Kan ni ohùn náà ti ń jáde.

Ó ń bi ajá ní ìbéèrè! Ta ló bo òun lójú láti ọjọ́bọ̀? Ṣé ìyá rẹ̀ ti jẹun lónìí? Ṣé ó ń sùn dáadáa? "Sọ fún un pé — rárá, má sọ nǹkan kan. O ò kúkú lè sọ̀rọ̀."

Ta ni ìyá ajá bí kò ṣe Àǹtí? Ìgbà náà ló yé mi. Ọkọ Àǹtí ni. Ojú yẹn kò wá wò mí rárá.

Ó rí mi. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́: "Ẹ káàsán, sà. Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ìgbálẹ̀ ńkọ́, ṣé òun ni mo fẹ́ gbá dànù? Ó wá rọra ń sọ̀rọ̀. Òun ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Òun ti so ó mọ́ fóònù òun kí òun tó dì í, orúkọ ajá lòun sì kọ sára páálí. Iṣẹ́ ló gbé òun jìnnà, ìjà kékeré ló sì fi òun sọ́hùn-ún. Àǹtí sọ fún òun pé, "O fẹ́ràn ajá jù mí lọ," òun sì dáhùn pé ajá kì í wíjọ́. Láti ìgbà náà, òun ń retí kí Àǹtí pè. Kò pè. "Má jẹ́ kó mọ̀. Tó bá mọ̀ pé èmi ni, á gbé e sọnù, n kò sì ní gbọ́ ìró ilé yẹn mọ́."

Ó bi mí yàrá tí mo wà. Mo ní, "Yàrá yín ni, sà." Ó ní tábìlì ńlá tó wà níbẹ̀, òun ò tíì rí irú rẹ̀ fún iṣẹ́ òun.

Lẹ́yìn náà ó ní, "O ṣé tí o ń fi iná sí i fún mi."

Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ní, "Ẹ má dúpẹ́, sà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo rí ẹni tó ń fi iná sí i.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ́sàn-án. Àǹtí jókòó sórí garawa tí a dojú dé nínú kíṣìnnì, ó fọwọ́ lérán, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ohùn ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yin Kòsinmi. Ẹ̀yìn Olójú Kan ni Àǹtí wà, ọkọ rẹ̀ kò lè rí i. Àǹtí fi ìka lé ètè: kí n dákẹ́. A jọ dúró bẹ́ẹ̀ títí ohùn náà fi lọ. Ó wá dìde, ó fa wáyà jáde láti ẹ̀yìn agolo ìyẹ̀fun, ó lọ fi iná sí i, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀ — ojú ẹ̀rọ, ìwé, kì í ṣe tirẹ̀ — ó sì padà wá.

Ó ní òun mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ òun lára páálí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun ń sá wálé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fún àwọn ní ìsinmi ọ̀sán, ìyẹn lòun fi rí bàtà mi lọ́jọ́sí. Òun sì gbọ́ mi lọ́jọ́ Ajé. "O gba ọpẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́. Ojú ò tì ọ́?" Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò dá wọn lóhùn?"

"Kí n dá ẹ̀rọ lóhùn? Ṣé ajá ni mí?" Ó jókòó padà. "Ojoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Gbogbo ìgbà tí a jọ gbé, kò bi mí rí. Tó bá mọ̀ pé mò ń gbọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkùnrin."

Ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí rẹ̀, kí n máa di ẹrù mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọkọ ní kí n dákẹ́. Ìyàwó ní kí n dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, yàrá jẹ́ tèmi. Bó bá padà wálé, á fẹ́ tábìlì rẹ̀. Kò sí adájọ́ tó lè bá mi wí.

Lọ́yà ní, "Ọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe ẹnu tìrẹ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́. Gbé ẹnu ẹ dání, kí o ríbi sùn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò bá mi jiyàn, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń fura sí gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ló wá kù tí mo ní láti fura sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọjà tuntun dé sí ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí ò lè wálé lọ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ yẹ kíṣìnnì wò. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ohùn náà dé, mo kúnlẹ̀ síwájú ojú yẹn. Kòsinmi rò pé eré ni, ó gbé bọ́ọ̀lù lé mi létí ẹsẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe èmi ni mò ń fi iná sí i."

Ó ní, "Ta wá ni?"

Mo ní, "Àwa mélòó ló ń gbé ilé yìí, sà?"

Ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti kéré, "Láti ìgbà wo?"

Mo ní, "Láti ọjọ́ tó dé, sà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó ti dé. Báàgì kan náà, mo rò. Kòsinmi gbé e ṣubú lẹ́nu géètì. Àǹtí ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Oúnjẹ wà lórí iná."

Bọ̀ọ̀dá ní òun ti jẹun.

Àǹtí ní, "Irọ́ ni. Jókòó."

Ó jókòó. Olójú Kan ń ju bọ́ọ̀lù lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó.

Lọ́sàn-án, Bọ̀ọ̀dá kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó dúró, ó fọwọ́ ra etí tábìlì lábẹ́ àwọn ìwé mi. Ó ní kí n má tíì kó wọn. "Má tíì" ni ó sọ, mo gbọ́ ọ. Nígbà tó ṣe, Àǹtí pè mí sí kíṣìnnì. Ó ní kí n parí tẹ́ẹ̀mù yìí, kí n sì máa wá ibòmíràn díẹ̀díẹ̀. Ó wá wò mí. "Ó yà mí lẹ́nu. Kí ló lè gbé e wá lójijì báyìí?"

Mo ní, "Bóyá àárò ajá ló sọ ọ́, mà."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Hẹn."

Ìwé, ìwọ nìkan lo mọ̀. Má jẹ́ kó hàn lára rẹ. Tó bá mọ̀ pé ẹnu mi ló ti jáde, kò ní dúró de òpin tẹ́ẹ̀mù. Abẹ́ aṣọ tí mo ti ká sínú báàgì ni mò ń fi ọ́ sí báyìí. Jọ̀wọ́, dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. N kò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń rín.