Owó Tí Mò Ń Kà Kì Í Ṣe Tèmi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Leeds níbí. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti ń fúyẹ́? Ṣé òjò ti dá ní Òmù-Àrán? Òtútù ti dé bá wa ní tiwa. Aṣọ mẹ́ta ni mo wọ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Màmá, ohun tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní ẹ kò bínú, pé ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ fi ṣẹ̀ mí tí mo fi ń fi owó pamọ́ fún yín, nígbà tí òrùlé ń jò sórí yín nínú yàrá. Mo sunkún. Délé àbúrò mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù pọ́n-ùn ló wà níkàáwọ́ ilé iṣẹ́ wa, ó sì kà á sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Délé tó jẹ́ pé bó bá ka ewúrẹ́ yín lẹ́ẹ̀mẹta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa bá dé!

Ẹ wo ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín ná. Ogún ni wọ́n, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni tiyín; àwọn èèyàn ló kó ìyókù fún yín sìn. Àjèjì tó bá ń kọjá á pè yín ní ọlọ́rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iye tí Délé kà. Owó oníbàárà ni, owó ìfẹ̀yìntì tíṣà, owó opó, tí wọ́n ní ká bá àwọn fi ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ tèmi ni pé, tí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìpín bá ti tú lọ́jọ́ kan, kí n wo iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń lọ lọ́jọ́ náà, kí n ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí ìpín bá gbówó lórí, àròpọ̀ á ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú kọ́bọ̀ wá, bí owó ẹran yín ṣe ń ga tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí oníbàárà kan bá kó tirẹ̀ lọ, á wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ á bu owó iṣẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Èmi, owó oṣù ni mò ń gbà.

Owó ilé àti owó iná ló ń jẹ owó oṣù náà. Tí mo bá wọlé, kò sí ẹni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí, torí inú mi máa ń dùn tí ẹ bá ń fi mí yangàn.

Owó tó jẹ́ tèmi gan-an kò ju owó ọkọ̀ òfúrufú kan lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú rẹ̀, kí n lè wá bá yín ṣe Kérésì yìí. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí. Ẹ ní kí Délé fi ra páànù, kó pe káfíńtà. Màmá, ẹ má retí mi lọ́dún yìí.

Olúwa á dá ẹ̀mí yín sí, a ó fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìjọ. Ẹ sọ fún Délé pé mo ti dárí jì í.

Èmi ni ọmọ yín tí kò fi nǹkan kan pamọ́ fún yín mọ́,
Fúnmiláyọ̀