Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Òróró Ọkọ̀ Yín

Bàbá mi tí ojú mi ń wá,

Ẹ kú ilé àwọn àgbà o. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn tú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀? Bí wọn ò bá gbà, ẹ má bínú, torí ọwọ́ máa yún yín báyìí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni. Màmá ló ń wà á lọ kó iṣu ní Bessé, àmọ́ láti ìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ariwo rẹ̀ wá pọ̀ débi pé bí a bá gbéra ní Bessé, ewúrẹ́ Ṣábẹ́ á ti sá kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá kékeré wá láti Kaboua, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì náà ti ń kú lọ, àwọn ti rí ẹni tó máa rà á kó tó kú tán. Màmá ò fẹ́ tà á. Wọ́n kàn ń nu gíláàsì ọkọ̀ tí kò dọ̀tí. Ni mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ òróró rẹ̀ ná. Bàbá kékeré rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Màmá wa iwájú ọkọ̀ gun pákó nínípọn, mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òróró lè ṣàn, a wá pa á. Mo tiẹ̀ kọ orin yín tí kò lórí tí kò nídìí yẹn. Àmọ́ Bàbá, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn, ta lẹ ń bá jà nígbà tí ẹ dì í le báyẹn? Ṣé olè lẹ tì mọ́bẹ̀ ni? Mo rọ̀ mọ́ sípánà bí àdán. Nígbà tó tú, òróró dúdú ya wọ báàfù ìfọṣọ Màmá, ìyókù ya sí mi lójú. Mo yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, eyín nìkan ló funfun lára mi. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Mo pààrọ̀ fílítà, mo di nọ́ọ̀tì padà, mo da òróró tuntun sí i, mo fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, ó dọ́gba. Èyí tó ti gbó, a máa fi kun òpó abà iṣu ní Bessé, kí ikán máa gbààwẹ̀.

Bàbá kékeré dé bí Màmá ṣe fẹ́ tan ọkọ̀. Màmá yí kọ́kọ́rọ́, a ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá kékeré mirí, wọ́n ní àwọn ṣáà ti sọ ọ́. Màmá tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ bá ké kìrììì. Àṣé ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́! Ariwo ti mọ́ wa lára débi pé ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́, òkú la pè é.

Màmá ṣílẹ̀kùn. “Ọkọ mi, ẹ wọlé. N ó gbé yín dé Kaboua.”

Bàbá kékeré wọlé. Kí a tó dé Kaboua, wọ́n ti fi fóònù sọ fún oníbàárà wọn pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn kì í ṣe títà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ ti alùpùpù tiwọn tó ń wúkọ́ jáde, wọ́n rọra bi mí bóyá mo ráyè.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí òróró ṣì wà létí rẹ̀, ọ̀gá mẹ́káníìkì gbogbo Ṣábẹ́.