Ìlà Tó So Taraivini Mọ́ Inoke

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Suva. Òjò ní olú-ìlú erékùṣù wa láti àárọ̀. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ìwé àti bírò kọ ọ̀rọ̀ àwọn abúlé sílẹ̀ fún ọ́fíìsì. Wọ́n ní ó tó àkókò kí n máa yà á ní àwòrán. Ìyáàfin Lal ló ń kọ́ wa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á di àmì roboto kan lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹni méjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, ìlà á so wọ́n pọ̀. Mo ti sọ ètò kọ̀ǹpútà náà ní Aláǹtakùn — láàárín èmi àti ìwé yìí nìkan.

Abúlé tí mo fi ń kọ́ ọ ni Naweru. Òkun ti ń wọ ilé wọn, ọ́fíìsì wa sì fẹ́ kó gbogbo wọn lọ sórí òkè. Ilé mẹ́tàlélógójì. A fẹ́ kí àwọn tó sún mọ́ra wọn wà nítòsí ara wọn níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní mo lọ láti ilé dé ilé, mo bi wọ́n: "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀?" Gbogbo ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ilé tí mo fò.

Ọjọ́rú, 6

Obìnrin kan di méjì. Àlàfo kan ni mo ṣèèṣì fi sílẹ̀ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, Aláǹtakùn sì rò pé ẹlòmíràn ni. Wákàtí méjì kí n tó rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Ó ṣiṣẹ́! Mo tẹ bọ́tìnì, àwọn àmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn — àwọn tí ìlà so fa ara wọn mọ́ra, àwọn tí ìlà ò so ti ara wọn dànù — títí gbogbo rẹ̀ fi dúró. Mo tẹ òmíràn: agbo mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin. Inú mi dùn bíi tọmọdé.

Ní etí àwòrán, àmì mẹ́ta wà tí wọn ò ní ju ìlà kan ṣoṣo lọ. Ìyáàfin Lal bi mí pé àwọn wo nìyẹn. Mo ní arúgbó ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi hàn mí bí a ṣe ń fi àwọn tí ìlà wọn ò tó méjì pamọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ìdí rẹ̀ o, Makereta." Mo ti tẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àwòrán mi wá mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Kíákíá — bí mo ṣe ń pe ọ̀gá wa, Filimoni — fẹ́ràn àwòrán náà. "Ìyá mi, ẹ ti gbà wá lọ́wọ́ ìpàdé mẹ́wàá!" Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan di òpópónà kan. Àwọn mẹ́ta tí mo fi pamọ́ gba ilẹ̀ tó ṣẹ́kù. Taraivini, opó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì: ilẹ̀ ogójì, ní ṣóńṣó òkè. Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Naweru. A ka àtòjọ náà fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dúpẹ́, a jọ mu yaqona, omi gbòǹgbò tí a fi ń yẹ́ àlejò sí. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé gbogbo wọn fara mọ́ ọn. Èmi tí mo mọ̀ dáadáa pé a kì í jiyàn lójú àlejò.

Ọjọ́rú, 20

Naweru lẹ́ẹ̀kan sí i, láti wo bí wọ́n ṣe ń gbá èèkàn sórí òkè. Ilé Savenaca, olórí abúlé, ni mo dé sí.

Ní kùtùkùtù mo ń fọ ẹnu lẹ́yìn ilé nígbà tí mo rí Inoke apẹja tó ń tiro bọ̀ láti etíkun. Ẹja mẹ́ta, ó fi ewé àgbọn so wọ́n. Ó gbé wọn sórí àtẹ̀gùn Taraivini. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà ni ìyá náà ṣílẹ̀kùn, tó sì fọwọ́ wá ẹja náà.

Inoke ni àbúrò rẹ̀. Baba kan, ìyá kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti bàlágà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èèwọ̀ ni láàárín ọkùnrin àti arábìnrin rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Apenisa ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ilé tí mo ń gbé, ọ̀rọ̀ kan ò sì tíì jáde láàárín wa láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Bí ẹnìkan bá bi mí pé ta ni mo bá sọ̀rọ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ láéláé. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo sì lọ béèrè.

Mo ṣí ìwé ìdílé abúlé náà, mo kà á. Ọkùnrin àti arábìnrin, ìsopọ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà ní abúlé yìí. Iye tó ní ìlà nínú àwòrán mi: òdo.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, Losalini ìyàwó olórí abúlé gbé tíì síwájú mi. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí ìyá àgbà lọ máa bá ẹyẹ gbé lókè?" Mo ní kọ̀ǹpútà ló tò ó bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ò ní àbúrò ni?" Ó ní Taraivini ti ń di ẹrù, ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Labasa, níbi tí kò ti mọ ẹlòmíràn. Ìyá náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ Inoke ò lè gun dé ṣóńṣó òkè yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 21

Mo tún lọ láti ilé dé ilé. Ìbéèrè tuntun: "Oúnjẹ ta ló ń dé ọ̀dọ̀ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wolẹ̀, wọ́n dáhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Suva. Àwòrán tuntun. Ìlà tó nípọn jù lọ ní gbogbo Naweru: Inoke sí Taraivini. Mo sunkún díẹ̀. Kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 25

Mo fi àwòrán tuntun han Kíákíá. Ó gbá tábìlì. "Kí ni kí n wá sọ fún mínísítà báyìí? Pé kọ̀ǹpútà ṣìnà?" Mo ní kọ̀ǹpútà ò ṣìnà, èmi ni. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n lọ fi àwòrán tuntun han abúlé, kí wọ́n fojú ara wọn rí ìdí tí ilẹ̀ fi yí padà.

Ó yẹ kí n kọ̀. Mi ò kọ̀. Jẹ́ kí n kọ òtítọ́ síbí: mo fẹ́ kí wọ́n rí mi bí mo ṣe ń tún un ṣe.

Ọjọ́rú, 27

Gbọ̀ngàn Naweru. A ta aṣọ ibùsùn funfun sára ògiri, a tan àwòrán sí i. Mo mú ọ̀pá lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ wo ìlà yìí. Inoke ló ń bọ́ Taraivini." Mo pe orúkọ wọn méjèèjì pọ̀, sókè, lójú gbogbo ayé.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Taraivini fi gèlè bojú. Inoke dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò tọrọ àyè, ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Savenaca ló fa wáyà yọ. "Ó tó, Àǹtí. Ó ti tó."

Ọjọ́bọ̀, 28

Kò sí ẹja lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 29

Kò sí ẹja. Losalini gbé kókò sísè lọ fún ìyá náà; ìyá náà ní òun ti yó. Lásìkò ìsìn, Inoke jókòó síta ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ igi. Ohun tí wọ́n fi àádọ́ta ọdún ṣe láìsọ, mo ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹrin

Suva. Mo pa àwòrán kejì rẹ́. Mo ya ojú ewé mẹ́rìnlá tí mo kọ lọ́jọ́ kọkànlélógún kúrò nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo sun wọ́n. N kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù: kí Taraivini gba ilẹ̀ kẹwàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbúrò rẹ̀. Savenaca ló ni ilẹ̀ kẹwàá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun yóò gba ogójì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, mo kọ: àṣìṣe òǹkọ̀wé. Kíákíá ní kí n ṣàlàyé, kí òun lè rí nǹkan fi gbèjà mi. Mo ní ohun tí mo kọ yẹn náà ni. Ó fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra. "Ẹ mọ̀ pé mi ò lè fi abúlé mẹ́rin tí a ṣì fẹ́ kó sílẹ̀ fún yín báyìí." Mo mọ̀. Ó bu ọwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Mo gbé eyín àbùùbùtán, ohun ìbẹ̀bẹ̀ ilẹ̀ wa, lọ bẹ àwọn àgbà Naweru. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ṣẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà á, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inoke kò wá; ìbátan rẹ̀ kan ló dúró fún un. Ara mi ò fúyẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Losalini pè mí lórí fóònù. Taraivini ti tú ẹrù rẹ̀, kò lọ sí Labasa mọ́. Wọ́n ti gbá èèkàn rẹ̀ sí ilẹ̀ kẹwàá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wá bi í: ẹja ńkọ́?

Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má béèrè ìyẹn mọ́ láé. Tí ẹ bá béèrè, àwa náà á tún máa wo ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà; ta ni yóò gbé ẹja wá lójú wa?"

Mo ní mo gbọ́. Mi ò ní béèrè. Mi ò ní mọ̀.