Aago Ọlọ́pọlọ Méjì

Akọ̀wé, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà ń mí. Orí ń fọ́ ìyá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, torí náà a mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Olúwa kò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Òrùlé ilé ìdáná ti tún ń jò, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti bí ìbejì, kò sì sùn mọ́.

Mo rí aago ọwọ́ tí o fi rán awakọ̀ sí mi gbà. O ní ọpọlọ méjì ló wà nínú rẹ̀, pé à ń fi ìka tẹ ọ̀kan, à ń bá èkejì sọ̀rọ̀, pé kí n lò ó wò, kí n sọ èyí tí ilé iṣẹ́ yín máa kó sínú aago àwọn arúgbó. Mo dúpẹ́ pé o rántí pé mo ti darúgbó.

Ti ìka ni mo kọ́kọ́ lò. O ṣáà mọ ọwọ́ káfíńtà. Ogójì ọdún tí mo ti ń fá pákó ti sọ ìka mi di pákó, mo tẹ̀ ẹ́ títí, aago kò mọ̀ pé ènìyàn ló fọwọ́ kan òun. Ìyá rẹ fi ìka kan ṣoṣo kàn án, ó ṣí, láti ọjọ́ náà ló ti ń yan fanda nínú ilé. Mo bá ní kó yí i sí ti ọ̀rọ̀ sísọ. Mo kí i káàárọ̀, mo béèrè bóyá ó sùn dáadáa, ó ní òun kò gbọ́. Mo tún un kí, ó ní òun kò gbọ́. Ìyá rẹ ní bóyá etí rẹ̀ ló di. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Àṣẹ pípa ló mọ̀. Tí mo bá jókòó fi ayùn rẹ́ pákó, á ka apá tí mò ń jù sí ìrìn ẹsẹ̀, á ní mo ti rìn dé ibi tí n kò dé rí. Tí mo bá jókòó jẹun, á gbọ̀n lọ́wọ́ mi, á ní kí n dìde. Mo sì ń dìde o, torí mo rò pé ìwọ lò ń wò mí láti ọ́fíìsì, n kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ sọ pé ọ̀lẹ ni bàbá rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, n kò kúrò lórí ẹní, aago kò sì yé pàṣẹ. Kó má baà ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, mo ní kí ìyá rẹ so ó mọ́ ewúrẹ́ wa lọ́rùn. Ewúrẹ́ náà kò já ọ kulẹ̀, ó rìn, ó sáré, ó fo ògiri télọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni iṣẹ́ tí o rán wọlé sórí fóònù ìyá rẹ, ó kà á sí mi létí: "Bàbá, aago yín fi hàn mí pé ara yín le koko lọ́sẹ̀ yìí. Ọkàn mi ti balẹ̀, n kò ní sáré wálé mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ ní ibà ni.

Ní ti ọpọlọ méjèèjì, ẹ fi èyí tó bá wù yín sí i. Ewúrẹ́ kò ṣàròyé.

Ọdún kẹta rèé tí a ti rí ojú rẹ gbẹ̀yìn. Owó tí mo fẹ́ tọrọ lọ́tẹ̀ yìí, owó ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ ni kí o fi wọkọ̀. Olúwa á ṣọ́ ọ lọ́nà, á gbé ọ délé láyọ̀, kí o lè fi ọwọ́ ara rẹ kan iwájú orí mi, kí o mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.